Ẹ̀rọ DVD aláwo márùn-ún tí owó rẹ̀ kò ga, fún sinimá inú ilé: kí ni kí á wò kí á tó rà á?

Olùwòran

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó náwó. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi to sinimá inú ilé mi. Rísífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lóhùn, tó lè tú ohùn Dolby Digital àti ti DTS (oríṣi méjì tí wọ́n ń gbà di ohùn sípíkà púpọ̀ sórí àwo) fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀, sípíkà márùn-ún àti sípíkà bààsì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà ní ihò HDMI méjì, èyí tó ń gba àwòrán àti ohùn pọ̀ nínú wáyà kan, ó sì tún ní ihò mẹ́ta aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí wọ́n ń pè ní component. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tí yóò máa ka àwo.

Ẹ̀rọ aláwo kan ṣoṣo là ń lò títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n eré alápá púpọ̀ tó máa ń gba àwo márùn-ún tàbí mẹ́fà ni a fẹ́ràn jù nínú ilé wa, bí àwo kan bá sì ti parí, ẹnì kan ní láti dìde. Bí àlejò bá wà, mo tún fẹ́ kí orin máa ti orí àwo kan bọ́ sórí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lọ ń bọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà sí ẹ̀rọ aláwo márùn-ún.

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún un kò pọ̀, n kò sì fẹ́ fi kún un, torí sípíkà iwájú ni mo fẹ́ pààrọ̀ lẹ́yìn èyí. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ aláwo púpọ̀ máa ń tètè bàjẹ́ ju aláwo kan lọ, bí àwọn kan ṣe ń sọ? Ihò wo ló pọn dandan kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé kí n ra àlòkù, níwọ̀n ìgbà tí tuntun kò wọ́pọ̀ mọ́? Mo tún ti rí èyí tó ń gba àwo 400. Ṣé ó yẹ kí n tilẹ̀ wo ibẹ̀?

Ẹlẹ́rọ

Ẹ kú ìmúra, Olùwòran. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ orin àti ẹ̀rọ fídíò ni mo ń ṣe, nítorí náà inú ẹ̀rọ náà ni n ó ti sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa àwòrán àti ohùn jù mí lọ yóò gba apá tiwọn.

Lóòótọ́, ohun tó lè yẹ̀ nínú ẹ̀rọ aláwo márùn-ún pọ̀ ju ti aláwo kan lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni ó ti ń yẹ̀. Apá tó ń ka àwo kò yàtọ̀: lẹ́ǹsì kan, iná lésà kan, àti mọ́tò kékeré tó ń yí àwo. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ọ̀nà tí àwo ń gbà dé ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, àtẹ róbótó ńlá kan ni àwo márààrún máa ń jókòó lé lórí yípo. Àtẹ náà á yí títí èyí tí ẹ fẹ́ á fi dé iwájú lẹ́ǹsì, wọ́n á gbé lẹ́ǹsì sókè láti pàdé rẹ̀, ìdè kékeré kan tó wà lókè á sì dì í mú láàárín. Nínú oríṣi kejì, ṣe ni àwo ń gorí ara wọn, tí ẹ̀rọ á máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láàárín àwọn yòókù.

Alátẹ róbótó ni kí ẹ rà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí àwo kan bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ lè ṣí àtẹ kí ẹ pààrọ̀ mẹ́rin yòókù láìdá eré dúró. Bí àwo bá sì há, ẹ ó rí i, ọwọ́ á sì tó o. Bí ó bá há nínú èyí tó ń to àwo lé ara wọn, àfi kí á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, owó iṣẹ́ nìkan sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé agbára mọ́tò dé ara àtẹ ló máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ooru àti ọjọ́ orí á mú kí ó gan tàbí kí ó fẹ̀. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń kùn, àtẹ kò sì ní jáde àfi bí ẹ bá fi ọwọ́ ràn án. Ẹ̀rọ tó ń ṣe báyìí kò tíì kú. Rọ́bà yẹn kì í wọ́n, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Àmọ́ bí eyín kẹ̀kẹ́ oníke tó wà lábẹ́ àtẹ bá ti kán, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, torí ó ṣòro láti rí irú rẹ̀ rà.

Bí ẹ bá lọ wo àlòkù, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò fi àwo kan ṣoṣo dán an wò fún yín. Ẹ mú àwo tiyín lọ: àwo orin kan, àwo fíìmù gígùn kan, àti àwo kan tí èèyàn fi kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sí fúnra rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ibùjókòó wọn títí ẹ ó fi dán ojú márààrún wò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ fetí sí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá péye, ẹ ó gbọ́ tí àtẹ ń yí, á dúró gbọn-in lẹ́ẹ̀kan, ìró kékeré kan á tẹ̀lé e bí àwo ṣe ń wọ ààyè rẹ̀, lẹ́yìn náà àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ó bá kọjá ààyè tó yẹ kó ti dúró, tó tún padà, tàbí tó ń yí àyípo méjì mẹ́ta kó tó mú àwo, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà ti rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú iná tó ń ka ibi tí àtẹ dé ló ti dọ̀tí, ó sì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láì tú u, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú fíìmù gígùn ni pé ìpele méjì ló sábà máa ń wà lára irú àwo bẹ́ẹ̀. Ìpele kan gba gígábáìtì 4.7, méjèèjì pọ̀ gba 8.5. Ìmọ́lẹ̀ tí àwo onípele méjì ń dá padà sí lẹ́ǹsì kéré sí ti onípele kan, nítorí náà ibẹ̀ ni lésà tó ti ń rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ẹ wo àárín fíìmù náà. Bí àwòrán bá dúró díẹ̀ bí ìṣẹ́jú akàn nígbà tí lésà ń bọ́ sí ìpele kejì, kò sí wàhálà; bí ó bá dì pa tàbí tó fọ́ sí igun-igun, lésà náà ti ń lọ sópin nìyẹn.

Aláwòrán

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ. Ẹ jẹ́ kí n gba apá àwòrán.

Orí àwo DVD ni gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán rẹ̀ ti wá, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè fi kún un. Àmì kékeré 720 ní ìbú pẹ̀lú ìlà 480 ni ti NTSC, 720 pẹ̀lú 576 ni ti PAL; ìlànà tẹlifíṣọ̀n méjì tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lò ni méjèèjì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rere ni pé kó má ba àwòrán náà jẹ́ lójú ọ̀nà, ibi tó sì ti ń bàjẹ́ jù ni wáyà. Wáyà aláwọ̀ yẹ́lò ẹyọ kan máa ń po ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pọ̀ sójú kan, tẹlifíṣọ̀n á wá máa gbìyànjú láti tún yà wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọ̀ pupa ti ń ṣàn kọjá etí lẹ́tà, tí ẹ̀wù onílà wẹ́wẹ́ sì ń ta àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀ bí òṣèré ṣe ń rìn. Wáyà S-Video ya ìmọ́lẹ̀ kúrò lára àwọ̀, ó sì sàn jù ú lọ dáadáa. Component pín in sí mẹ́ta, HDMI sì ń gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí àwo, ní nọ́ńbà. Olùwòran ní méjèèjì lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà èyíkéyìí nínú wọn tí ẹ̀rọ bá ní, ó ti tó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tẹpẹlẹ mọ́: progressive scan. Àwòrán tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń jáde ní ìdajì-ìdajì. Ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún á kọ́kọ́ tàn, títí dé ìsàlẹ̀, kí ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà tó wá dí àlàfo. Ẹ̀rọ tó ní progressive ń kó ìdajì méjèèjì pọ̀ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Fíìmù sinimá jẹ́ àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú akàn, NTSC sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 30, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe na 24 di 30 kó tó lè tò wọ́n padà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ara rẹ̀ hàn nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí lọ lára òrùlé tàbí àtẹ̀gùn: etí ìlà tó dagun á di eyín ayùn, á sì máa gbọ̀n. Ẹ wá irú ìran bẹ́ẹ̀ nínú àwo tiyín, kí ẹ sì wò ó nídìí ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó.

Ní ti àwọn tó ń kọ 1080p (àwòrán onílà 1080) gàdàgbà sára páálí, ẹ má fi owó kún owó nítorí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yín náà ń fẹ àwòrán kékeré di ńlá fúnra rẹ̀, nígbà míì ó sì ń ṣe é dáadáa ju ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í fẹ àwòrán àwo tí wọ́n dáàbò bò kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ gba inú component; inú HDMI nìkan ni wọ́n ti ń gbà á láàyè.

Olólùfẹ́ Orin

Apá tí ó kù ni ohùn, ó sì rọrùn ju bí àwọn olùtajà ṣe ń jẹ́ kó rí lọ. Rísífà Olùwòran ló ń tú Dolby Digital àti DTS. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún ẹ̀rọ DVD ni kó kó ohun tó wà lórí àwo fún rísífà láìfọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ méjì, tí ọ̀kan gbówó lórí torí pé òun náà lè tú Dolby, tó sì ní ihò mẹ́fà fún ohùn mẹ́fà lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Ihò mẹ́fà yẹn wúlò fún ẹni tí rísífà rẹ̀ kò lè tú ohùn. Ó tún wúlò fún ẹni tó ní àwo SACD tàbí DVD-Audio, àwo orin tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti CD lọ, torí wáyà ìmọ́lẹ̀ àti coaxial, wáyà méjì tó ń gbé ohùn lọ sí rísífà ní nọ́ńbà, kò lè gbé ohùn ìyẹn bó ṣe wà. Bí ẹ kò bá ní irú àwo bẹ́ẹ̀ nílé, owó àsansílẹ̀ fún ohun tí ẹ kò ní lò ni.

Láàárín wáyà ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní optical àti coaxial, etí kò lè mọ ìyàtọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì ń gbé. Ẹ wo ẹ̀yìn rísífà kí ẹ mọ èyí tó ṣófo. Mo ti rí ẹni tó ra ẹ̀rọ tó ní optical nìkan nígbà tí ihò optical rísífà ti kún, tí ó wá ń wá ẹ̀rọ kékeré mìíràn tí yóò fi so wọ́n pọ̀.

Ní ti orin fún àlejò, ẹ ka ìwé ìlò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó lè da orin inú àwo márààrún pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn kan wà tí wọn kì í da orin pọ̀ kọjá inú àwo kan ṣoṣo. Èyí tó bá sì ń dà wọ́n pọ̀ kọjá àwo á máa dákẹ́ díẹ̀ láàárín orin méjì nígbà tí àtẹ bá ń yí. Fún ìjókòó àlejò, ó dára kí ẹ jẹ́ kó máa lu àwo kọ̀ọ̀kan tán kó tó bọ́ sórí èyí tó kàn.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, ojú tí mo fi wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀. Láti ọdún 2006 ni ẹ̀rọ Blu-ray, tó ń ka àwo tí wọ́n ṣe tẹ̀lé DVD, ti wà lórí àtẹ. Aláwo kan tuntun lára rẹ̀ kò wọ́n mọ́, ó ń ka DVD àti CD, ó ní HDMI, ó sì máa ń ní ìwé ìdánilójú láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Kí ló dé tí èèyàn yóò fi ra àlòkù tí rọ́bà rẹ̀ ti ń rẹ̀, nítorí kó má baà dìde lẹ́yìn wákàtí méjì? Bó bá jẹ́ orin ni, èèyàn lè kó àwo orin rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó máa gbọ́ ọ láti ibẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo gbà pé àtẹ róbótó yẹn wuyì, ṣùgbọ́n ohun tó ń yí tó sì ń rìn pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe é sì ti dín kù gan-an.

Olùwòran

Gbogbo yín ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àṣẹ̀ṣẹ̀dé, ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbá sì jẹ́ òun ni n ó tẹ̀ lé bó bá jẹ́ èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló ń lo ẹ̀rọ náà jù lọ́sàn-án, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Láti orí àga dé ìdí ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n sì fi àwo sínú àtẹ, iṣẹ́ ńlá ni fún wọn, wọn kì í sì í fẹ́ pe ọmọ kankan. Bí mo bá ti to àwo márùn-ún eré kan sínú rẹ̀ láàárọ̀, rìmóòtù nìkan ni wọ́n nílò títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo ti wo ẹ̀yìn rísífà bí Olólùfẹ́ Orin ṣe wí. Optical rẹ̀ ti kún, tẹlifíṣọ̀n ló wà níbẹ̀. Coaxial kan ló ṣófo. Pẹpẹ tí mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà láti ara ògiri dé etí rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ

Ẹ bá wa kí màmá o. Ọ̀rọ̀ ti yé mi dáadáa báyìí, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ ra aláwo márùn-ún.

Pẹpẹ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Àwo DVD jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 ní ìbú; bí ẹ bá to márùn-ún yípo, ẹ ó rí i pé àtẹ náà kò lè kéré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alátẹ róbótó máa ń jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 43 ní ìbú, ìgùn wọn lọ sẹ́yìn sì máa ń súnmọ́ 40 kí á tó ka orí wáyà mọ́ ọn. Ẹ wọn èyí tí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin kún un fún wáyà àti atẹ́gùn. Bí pẹpẹ kò bá gbà á, ẹ fa pẹpẹ síwájú díẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ má ṣe tẹ wáyà mọ́ ògiri, torí ihò tí wáyà ń fà lójoojúmọ́ á tú nídìí. Ẹ tún wo iwájú: àtẹ yẹn máa ń yọ síta gan-an, ẹni tó bá ń kọjá kò gbọdọ̀ fi orúnkún gbá a. Ẹ má sì gbé e lé rísífà lórí. Ooru rísífà ni ọ̀tá rọ́bà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí màmá, ẹ rí i dájú pé rìmóòtù tó bí i wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yan àwo wà lójú ẹ̀rọ, àmọ́ ti mẹ́nù àti ti ìṣètò ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Rìmóòtù tó ń ṣiṣẹ́ fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ lè má mọ bọ́tìnnì tó ń yan àwo kìíní títí dé ìkarùn-ún.

Akóàwojọ

Olùwòran béèrè nípa ẹ̀rọ àwo 400, kò sì tíì sí ẹni tó dá a lóhùn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nílé mi. Sony ṣe àwọn kan, bíi DVP-CX995V tó ní HDMI, wọ́n sì tún ṣe ti Blu-ray tó ń gba 400 bákan náà. Ṣe ni àwo ń dúró lóòró yípo nínú rẹ̀. Ó dùn mọ́ni fún ẹni tó ní àwo púpọ̀ tó sì ní sùúrù láti fi orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí ẹ kò bá fi orúkọ sí wọn, ẹ ó kàn máa rántí nọ́ńbà ni, ọjọ́ tí ẹ bá sì gbàgbé, ẹ ó máa yí i kiri. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó gùn sẹ́yìn ju aláwo márùn-ún lọ, bí ohun kan bá sì há nínú rẹ̀, gbogbo àwo yín ti wà ní àtìmọ́lé nìyẹn títí ẹlẹ́rọ á fi dé. Fún ohun tí Olùwòran ń wá, páálí eré kan lẹ́ẹ̀kan, márùn-ún ti tó, owó tó kù á sì bá sípíkà lọ.

Onírìnàjò

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, pàápàá fún àwọn tí àwo wọn ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n pín ayé sí àgbègbè mẹ́fà fún DVD: ìkìíní ni Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìkejì ni ọ̀pọ̀ Yúróòpù àti Japan, ìkẹrin ni Ọsirélíà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà, ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ Áfíríkà àti Íńdíà, Ṣáínà sì ni ìkẹfà. Ẹ̀rọ tí wọ́n tì mọ́ àgbègbè kan kò ní ka àwo àgbègbè mìíràn àfi èyí tí kò ní kóòdù. Àlòkù máa ń rìn jìnnà, nítorí náà ẹ yí i padà kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán ayé kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo iná mànàmáná rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó ń lo iná fóltì 110 nìkan á jóná bí ẹ bá kì í bọ iná 220 láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù.

Olùwòran

Mo ti lọ wo méjì. Èyí àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, ó sì ń dán bí tuntun, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé àwo sí ojú kẹrin ni àtẹ kọjá rẹ̀, tó tún padà, tó tún kọjá. Olùtajà ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá tíì gbóná. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rọ, mo dúpẹ́, mo sì kúrò níbẹ̀.

Èkejì ti ha lára díẹ̀, àmọ́ ojú márààrún ló ka àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo mú lọ. Mo wá ìran kan tí kámẹ́rà ti ń yí lọ lára àtẹ̀gùn, etí àtẹ̀gùn náà sì dúró gẹdẹgbẹ. Àárín fíìmù gígùn dúró ráńpẹ́, ó sì ń bá a lọ. Component àti coaxial ló ní, kò ní HDMI. Rìmóòtù rẹ̀ wà. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé àtẹ máa ń lọ́ra díẹ̀ kó tó jáde. Olùtajà ti gbà láti dín owó rẹ̀ kù nítorí ìyẹn. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 39 láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà pẹpẹ ni n ó fà síwájú. Ṣé kí n gbé e? Irú wáyà wo ni kí n rà fún coaxial náà?

Aláwòrán

Ẹ gbé e. Àìní HDMI kò gbọdọ̀ dà yín láàmú, níwọ̀n ìgbà tí ó ní progressive nínú component. Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ wọ inú mẹ́nù rẹ̀ kí ẹ sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n 16:9 ni ẹ ní. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sórí 4:3, fíìmù fífẹ̀ á jáde pẹ̀lú àlàfo dúdú yí ká, tàbí kí ojú àwọn òṣèré fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún tan progressive fúnra yín, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pípa ni wọ́n pa á kó tó dé ọwọ́ yín.

Olólùfẹ́ Orin

Wáyà coaxial kò nílò owó ńlá. Ohun tí ẹ ń wá ni wáyà ohm 75, wáyà fídíò aláwọ̀ yẹ́lò tó dára sì jẹ́ 75 bákan náà. Bí ọ̀kan bá ti wà nílé, ẹ kọ́kọ́ lò ó. Nínú mẹ́nù ohùn, ẹ yan bitstream (ohùn bó ṣe wà lórí àwo), ẹ má ṣe yan PCM (ohùn tí ẹ̀rọ ti tú fúnra rẹ̀). Bí ó bá wà lórí PCM, ohùn mẹ́fà inú fíìmù á di méjì kó tó dé rísífà, ẹ ó sì máa rò pé sípíkà ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Ẹ wo ìlà DTS pẹ̀lú kí ẹ tàn án bó bá wà ní pípa.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé

Mo ṣì gbà pé Blu-ray tuntun ni ẹni tí ara rẹ̀ yá yẹ kó rà, ṣùgbọ́n fún màmá, mo fara mọ́ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má ta ẹ̀rọ aláwo kan tó wà nílé o. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ tí èyí bá wà lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ.

Ẹlẹ́rọ

Ẹ gbé e, Olùwòran. Lílọ́ra àtẹ yẹn, rọ́bà ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e sórí pẹpẹ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí bí ẹ bá ti so wáyà mọ́ ọn tán, tí màmá sì ti ń lò ó, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ tú u mọ́. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é fi òwú rírọ̀ àti ọtí ìnulẹ́ǹsì díẹ̀ nu lẹ́ǹsì, kó sì nu ojú iná tó wà lábẹ́ àtẹ. Kó má fi òróró kankan kan rọ́bà tuntun náà o. Bí òróró bá ti kàn án, á máa yọ̀.